Awò Ẹlẹ́rìí Méjì

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló sọ bàbá mi di òpùrọ́ níwájú gbogbo abúlé wa, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ń wá oṣù ìtùnú ààwẹ̀. Ẹ má tíì bú u. Èmi ti bú u ṣáájú yín, mo bú u fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ṣàmsíátù ni orúkọ mi. Bí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bí mi, n kì í gbé e kalẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù gíláàsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Kabawa, ní Lọ́kọ́jà. Madam Bridget, obìnrin Ígálà kan, ló ni ín. Òun ló ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò, èmi ni mò ń gé awò tí mò ń fi í sínú férémù. Ibẹ̀ ni Lìádì, ọkùnrin tí mo ń wí yìí, ti wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú nǹkan kan lọ́wọ́ tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé. Ó tú u lórí káńtà, ó ní kí n ta aṣọ tí a fi ń nu gíláàsì fún òun. Mo wo ohun tó gbé wá. Awò kékeré kan ni, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, irú èyí tí wọ́n máa ń kì sí ìdí awò awọ̀nàjíjìn kí èèyàn tó fi ojú sí i. Àípíìsì ló pè é.

"Síńgílẹ́ẹ̀tì yìí lo fi ń nù ún?" mo bi í.

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Sìmẹ́ǹtì lo fi fọ̀ ọ́ ni? Wo bó o ṣe ha á lára."

Kò bínú. Òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní Obajana, eruku ibẹ̀ kò sì tíì kúrò nínú irun rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé awò náà ní ìyá ní Kabawa. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ó sì ti mú mi.

Láti ọjọ́ náà, ó ń padà wá. Lónìí yóò ní òun fẹ́ aṣọ mìíràn, lọ́la yóò ní ìdè kan tú lára awò òun. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀karùn-ún, Madam Bridget fi èdè Píjìn bi í pé ojú wo gan-an ló ń dùn ún. Lìádì ní ojú méjèèjì ni. Kí ọdún tó yí, a ti mọ̀ láàárín ara wa pé a ó fẹ́ra. Ó kù kí ó wá rí bàbá mi.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn kàn ń dìde lọ rí. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, ó ń gbin iṣu àti kaṣú ní abúlé wa lórí òkè, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wo oṣù fún wọn. Awòṣù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lọ́dọ̀ wa, oṣù tó ń mú ààwẹ̀ wọlé, ẹlẹ́rìí kan tó fún un. Oṣù tó ń tú ààwẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì ni Lèmọ́mù ń gbà, kò sì ní gba ti ẹnì kan ṣoṣo bó ti wù kí ẹni náà níyì tó. Ọ̀rẹ́ Bàbá tó máa ń ṣe ẹlẹ́rìí kejì ti kú. Èmi fúnra mi ni mo wá lọ sọ fún Lìádì pé, "Gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ wá. Ìwọ ni kí o ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Ojú Bàbá á mọ ọ́ lọ́nà tó dára." Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀ràn náà wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, gbogbo abúlé dúró lórí àpáta. Bí oòrùn ti wọ̀, kò pẹ́ tí Bàbá fi na ìka sí àwọn ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lórí òkè ìwọ̀-oòrùn.

"Òun nìyẹn, lókè ọ̀pẹ àárín. Ó tín-ínrín bí èékánná."

Kò sí ẹlòmíràn tó rí i, nítorí ìkúùkù fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀. Lèmọ́mù kọjú sí Lìádì. Lìádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí awò rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà òmùgọ̀ tó hù. Àípíìsì tó ń sọ nǹkan di ńlá jù lọ ló kì sí i lọ́jọ́ náà, torí ó rò pé bí nǹkan bá ṣe tóbi tó ni èèyàn ṣe máa rí i tó. Fèrèsé rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀run tó ń hàn nínú rẹ̀, wá há bí ojú abẹ́rẹ́. Ó ń bá ewé ọ̀pẹ pàdé, ó ń bá ojú ọ̀run lásán pàdé, títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

"Ṣé o rí i?" Lèmọ́mù bi í.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Lèmọ́mù."

Àwọn èèyàn gba ẹ̀rọ gbọ́ ju Bàbá lọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ń sọ pé Awòṣù ti darúgbó, ó ti ń rí ohun tí kò sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà dé orí òkè wa, nítorí náà a jẹ sààrì, a tún gba ààwẹ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan gòkè wá láti Lọ́kọ́jà pẹ̀lú agbádá tuntun lọ́rùn. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò lọ yídì ni?" Wọ́n ti rí oṣù ní àwọn ìlú mìíràn lálẹ́ àná, wọ́n ti kírun, wọ́n ti ń jẹun. Àwa ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ pátápátá. Bàbá mu omi, ó wọ yàrá rẹ̀, kò jẹ ẹran ọdún yẹn.

Lìádì wá dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá kò pariwo. Ó ṣe mí bíi kí ó pariwo.

"Ọmọ, n kò bá ọ jà torí pé o ò rí i. Ojú kì í rí gbogbo nǹkan. Ò bá sọ pé o ò rí i. Kí ló dé tó o fi sọ pé kò sí?"

Lìádì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Dìde, máa lọ. Má tún dé ẹnu ọ̀nà mi nítorí Ṣàmsíátù mọ́."

Ẹ ti mọ̀ pé mo bú u fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo bú u níṣojú àwọn oníbàárà, Madam Bridget sì wọ ẹ̀yìn lọ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Lìádì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá mú ìwé kan lórí káńtà, ó ká a tó há gan-an, ó fi ojú kan sí i, ó ń wò mí.

"Imú rẹ nìkan ni mo rí," ó ní. Ó tú ìwé náà, ó tún un ká kó fẹ̀. "Ní báyìí mo rí gbogbo ojú rẹ. O sì ń bínú. Ṣàmsí, fèrèsé ló kéré. Bàbá rí oṣù, èmi ni mi ò rí i. Màá wá àípíìsì tó fẹ̀, màá padà sórí àpáta yẹn."

"Ta ló máa gbà ọ́ síbẹ̀?"

"Ìwọ mọ ẹni tó máa bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Àǹtí Àdìjátù ni, àbúrò Bàbá. Aránṣọ ni ní Otokiti, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gun òkè lọ nítorí wa. Nígbà àkọ́kọ́, Bàbá ní kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣu. Nígbà kejì, ó ní ṣé kò sí ọkùnrin mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ni. Nígbà kẹta, Àǹtí mi náà gbaná jẹ.

"Mo sọ fún un," ó ní nígbà tó dé, ó ń bọ́ bàtà, "mo ní ẹ̀gbọ́n mi, òṣùpá ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì, yìgì náà ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ̀yin ò rí ẹnikẹ́ni tó máa bá yín ṣe ìkíní, ẹ tún fẹ́ ba ìkejì jẹ́."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí ọmọ náà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó dúró síbi tó dúró sí tó fi sọ pé kò sí. Bó bá rí oṣù, kó jẹ́rìí rẹ̀ létí gbogbo ayé. Bí kò bá rí i, kí ìwọ wá ọkọ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láéláé." Ó wò mí. "Ṣàmsí, ṣé ó máa rí i?"

Mo ní yóò rí i. Kò dá ọkàn mi lójú tó bí ẹnu mi ṣe sọ ọ́. Ìkúùkù ni Ọlọ́run ń rán nígbà tó bá wù ú.

Nígbà ọyẹ́, mo lọ kí Bàbá. Mo bá a lórí ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ igi kaṣú, ó kí mi bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa, "Okun o, ọmọ mi," kí n tó lanu, torí ó mọ ìrìn ẹsẹ̀ mi. Mo gbé omi fún un, ọwọ́ rẹ̀ kọjá lára ife náà kó tó padà bá a. Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe, ẹ̀rù bà mí lójú ẹsẹ̀. Mo fi ọgbọ́n bi í léèrè.

"Bàbá, ọ̀pẹ mélòó ló wà lórí òkè yẹn?"

Ó gbé ojú sókè, ó sún gíláàsì rẹ̀ sórí imú. "Mẹ́ta ni. Ìwọ kì í ha ṣe ọmọ ibí?"

Méjì ni. Ààrá ti sán pa èyí tó wà láàárín láti ìgbà òjò, àlàfo rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. N kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ̀ kalẹ̀ wá yẹ ojú wò, ó ní ojú tó ti ń wo oṣù láti ọgbọ̀n ọdún kò ṣàìsàn. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni kí n pààrọ̀ awò inú gíláàsì rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣú bo ojú rẹ̀, apá gíláàsì kò lè ká a. Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi dé ilé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Lìádì gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wá kiri títí àípíìsì fi ku méjì, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká ju ẹyọ kan lọ. Ti àkọ́kọ́, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè rí odindi ẹ̀gbẹ́ òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń fi ojú jẹ ẹ́. Èkejì fẹ̀ dáadáa ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Mo ka àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ awò ni oúnjẹ mi. Ti àkọ́kọ́, ojú gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án kó tó ríran. Ti èkejì, ojú lè jìnnà sí i tó fífẹ̀ àtàǹpàkò kan, kó sì rí gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí.

Mo mú férémù kan, mo fi wọ̀ ọ́ lójú. Mo ní kó gbé ife tíì súnmọ́ ojú bó bá ṣe lè súnmọ́ tó. Ife kọlu gíláàsì.

"O rí i? Ẹni tó wọ gíláàsì ò lè débi tí ti àkọ́kọ́ yìí ti ń ríran."

"Èmi ò wọ gíláàsì, Ṣàmsí."

"Bàbá wọ̀ ọ́."

Ó bọ́ férémù náà, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá tó ní kí n má dé ẹnu ọ̀nà òun?"

"Òun náà."

"Bí mi ò bá rí oṣù yìí, mo ti pàdánù rẹ nìyẹn. Èyí tó fẹ̀ jù ló máa jẹ́ kí n tètè rí i. Kí ló dé tí màá fi mú èyí tó kéré?"

Òtítọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Ìfẹ́ tèmi náà ló wà nínú ewu. Mo rò ó pé kí n pa ẹnu mọ́, kó ra èyí tó wù ú, kí a rí oṣù, kí a ṣe yìgì, kí gbogbo rẹ̀ parí. Mo wá rántí ọwọ́ Bàbá tó kọjá lára ife omi.

"Ojú Bàbá ti ń ṣú," mo ní. "Kò rí ọ̀pẹ mọ́, ká má tíì sọ oṣù. Bó o bá dá rí i lọ́dún yìí, wọ́n á ní òtítọ́ ni, Awòṣù ti fọ́jú, pé bóyá irọ́ ló pa lọ́dún tó kọjá náà. O máa fẹ́ mi, ṣùgbọ́n o máa tún un sọ di òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹnì kan wọlé wá gba gíláàsì rẹ̀, mo dá a lóhùn, ó lọ, Lìádì ṣì ń wo fóònù náà.

"Ta ló tún mọ̀?" ó bi mí.

"Èmi pẹ̀lú rẹ."

"Kó má kọjá bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka tẹ èkejì. "Èyí ni mo mú."

N kò fẹ́ràn ọkùnrin kankan rí bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, níwájú Madam Bridget.

Nígbà tí awò náà dé, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Lìádì kò bá sí níbi iṣẹ́ ló ń lọ sí etí odò Ọya. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi í gbá etí ọ̀run kiri láti ọwọ́ kan dé èkejì, láìkánjú. Mo bá a lọ níjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá wò ó, mo rí òṣùpá lódindi, mo rí ìràwọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ààyè sì tún kù. Mo bi í pé bí a ò bá rí oṣù lọ́jọ́ náà ńkọ́.

"Màá sọ pé mi ò rí i," ó dáhùn. "Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tún pé. Abúlé tún gun àpáta, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí gbogbo wọn ló ti gbọ́ pé ọmọ aláwò ń bọ̀. Lìádì kí Bàbá, Bàbá kàn mi orí. Ó dúró sí ibi tó máa ń dúró sí, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Oòrùn wọ̀. A retí kó na ìka bó ti máa ń ṣe. Kò nà án. Àǹtí Àdìjátù di ọwọ́ mi mú.

Lìádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá etí ọ̀run kiri díẹ̀díẹ̀. Mo tẹjú mọ́ èjìká rẹ̀, nítorí èjìká rẹ̀ ni mo lè kà. Ó lọ sọ́tùn-ún, ó padà bọ̀. Lójijì èjìká náà dúró gbọn-in. Mo mọ̀ pé ó ti rí i. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ó nàró.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin ni Awòṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Bàbá dúró pẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ìdí awò, ó gbé ọwọ́ sókè láti bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ẹ má bọ́ ọ, Bàbá. Ó gba gíláàsì yín."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú sí i. Mo ti ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rọlẹ̀.

"Subuhanallahi. Ó dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi."

Lèmọ́mù pe Lìádì sápá kan, ó bi í ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí oṣù náà ṣe rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe fún ẹlẹ́rìí. Lìádì ní ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Lèmọ́mù padà bi Bàbá, Bàbá sọ bákan náà. Ẹnì kan láàárín èrò wá ní ṣé ojú Awòṣù ló rí i àbí ẹ̀rọ.

"Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń fi gíláàsì wo oṣù fún yín," Bàbá dá a lóhùn. "Ṣé ẹ bi mí rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè, ó ní ẹlẹ́rìí méjì ti pé, ọ̀la ni ọdún. Àwọn obìnrin bú sí orin, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé ìkòkò kaná. Èmi ò kúrò níbi tí mo wà. Bàbá súnmọ́ Lìádì.

"O ti rí i kó o tó pè mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo yára sọ̀rọ̀."

Bàbá fi ọwọ́ kan awò kékeré náà, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti gíláàsì ojú rẹ̀, bí ẹni ń wọn aṣọ. Ó gbójú sókè wá mi. Ojú rẹ̀ tutù.

"Ṣàmsíátù. Ọ̀pẹ mélòó ló wà lórí òkè yẹn?"

"Méjì ni, Bàbá."

"O mọ̀ láti ìgbà ọyẹ́, o sì bò mí láṣìírí." Ó mí kanlẹ̀. "Méjì ni lóòótọ́. Oṣù dúró sí àlàfo ọ̀pẹ àárín, mo rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọdún bá ti kọjá, ẹ mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ojú ṣe. Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà wọ́n, kí n má máa yá awò ọkọ rẹ."